Bí ẹ ṣe lè ra ọmọlangidi Star Wars àtijọ́ láì jẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú fún yín

Ẹ mú ọmọlangidi Luke Skywalker, akọni inú fíìmù Star Wars, méjì tí ilé-iṣẹ́ Kenner ṣe ní 1978, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì. Ike kan náà ni, ọ̀dà kan náà, gíga wọn ò ju ínṣì 3.75 lọ. Ọ̀kan lè má ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ, kí èkejì sì tó owó ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ohun tó fa ìyàtọ̀ lè má ju idà ike tín-ín-rín tó wà nínú apá èkejì, tàbí páálí tó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nínú òwò yìí, ohun kéékèèké táwọn ọmọdé sọnù ni owó wà. Ibẹ̀ gan-an làwọn oníjìbìtì náà ń dúró sí.

Mo kọ ọ́ fún ẹni tó bá rí wọn lọ́jà àlòkù ní London tàbí Houston, fún ẹni tó bá wọn nínú àjà ilé tí wọ́n ní kó bá àwọn kó jáde, àti fún ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn tó ń wo eBay tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Àwọn tí Kenner ṣe láàárín 1977 sí 1985 ni mo ń sọ. Àwọn tuntun máa ní ìpín tiwọn nísàlẹ̀, kò sì ní gùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí wọ́n ti wá

Ẹ má fo ibí yìí, nítorí ẹni tí kò mọ ìtàn ọjà ni wọ́n máa ń pa ìtàn fún.

Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni Kenner wà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta nínú ìdílé Steiner ló dá a sílẹ̀ ní 1946, General Mills, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ inú páálí, sì rà á ní 1967. Nígbà tí àwọn tó ni Star Wars ń wá ẹni tí yóò gba àṣẹ láti fi fíìmù wọn ṣe ohun ìṣeré, Mego tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọmọlangidi lákòókò náà kọ̀ jálẹ̀. Bernard Loomis, ààrẹ Kenner, ló gbà á. Fíìmù jáde lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1977, èrò wọ́ tìtì lọ wò ó, Kenner ò sì ní ọmọlangidi kan ṣoṣo lórí àtẹ.

Kérésìmesì ń bọ̀, ike ò tíì ṣe tán. Wọ́n bá ta páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí àwòrán àti sítíkà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé tí ẹ bá fi ránṣẹ́ padà sáwọn, àwọn máa fi ọmọlangidi mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín tó bá yá: Luke, Princess Leia, Chewbacca àti R2-D2. Ìlérí ni wọ́n tà fún ọmọdé lọ́jọ́ ọdún, àwọn òbí sì sanwó. Títí dòní ẹnu ṣì ń yà mí sí ìgboyà yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ 1978 làwọn mẹ́rin ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé.

Lọ́dún yẹn náà ni àwọn méjìlá àkọ́kọ́ pé sórí àtẹ: àwọn mẹ́rin yẹn, Han Solo, C-3PO, Darth Vader, Ben Kenobi, Stormtrooper, Death Squad Commander, Jawa, àti Sand People. Kenner ta ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 lọ́dún 1978 nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé Stormtrooper tó ti jáde nínú páálí, tí kò ní ìbọn lọ́wọ́, ṣọ̀wọ́n bí ojú, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ máa lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe wọ́n kéré bẹ́ẹ̀ wúlò láti mọ̀. Ọmọlangidi tó wọ́pọ̀ nígbà náà máa ń ga tó ínṣì 8 tàbí 12. Tí wọ́n bá ṣe Han Solo ní ínṣì 12, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ á tóbi ju ohun tí wọ́n lè gbé gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sọ èèyàn di kékeré kí wọ́n lè ta ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìwọ̀n yẹn sì di ìwọ̀n tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wá ń tẹ̀ lé.

Fíìmù kejì dé ní 1980, ìkẹta ní 1983. Nígbà tí ọjà fi máa kú ní 1985, ọmọlangidi oríṣiríṣi tó wà nílẹ̀ ti lé ní 90. Kenner bọ́ sọ́wọ́ Tonka ní 1987, Hasbro ra Tonka ní 1991, ó sì tún gbé Star Wars padà wá lábẹ́ orúkọ Kenner ní 1995, lórí páálí tó pọ́n bí ọsàn. Ohun tó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé àwọn àgbàlagbà ló rà á, wọn ò sì ṣí i. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ pé yóò di owó. Torí pé gbogbo èèyàn ló tọ́jú rẹ̀, kò di owó títí dòní, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ti 1995 fún yín ní iye ti 1978 nítorí pé Kenner wà lára àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pa ààlà

Ẹni tó ní òun fẹ́ gbogbo rẹ̀ máa ná owó ilé. Ẹ mú ìlà kan. Ìmọ̀ràn tèmi ni àwọn méjìlá àkọ́kọ́, tí wọ́n ti kúrò nínú páálí, tí ohun ọwọ́ wọn pé. Wọ́n wà nílẹ̀ yanturu, wọ́n sì máa kọ́ yín ní ohun gbogbo tí ẹ nílò kí ẹ tó fi owó ńlá ra ohunkóhun.

Kí ẹ tiẹ̀ tó ra àkọ́kọ́ nínú méjìlá, ẹ wá òkìtì àlòkù kan tí kò wọ́n, ọmọlangidi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ní ìbọn, tí ọ̀dà ti ṣí lára wọn, tí ajá ti jẹ ẹsẹ̀ ọ̀kan. Ẹ máa fọwọ́ bà wọ́n lójoojúmọ́ títí ọwọ́ yín á fi mọ bí ike ojúlówó ṣe wúwo tó, bí ìsopọ̀ èjìká ṣe ń yí, bí ojú ṣe rí. Àwòrán orí fóònù ò lè kọ́ èèyàn níyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò

Ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè gbé ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́, ẹ ó rí G.M.F.G.I. pẹ̀lú 1977. General Mills Fun Group Inc. ni lẹ́tà yẹn. Láti 1980 lọ, L.F.L. lẹ ó máa rí, ìyẹn Lucasfilm Ltd. Ibi tí wọ́n ti ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Hong Kong, Taiwan, Macau, China.

Ohun méjì ló máa ń da àwọn ẹni tuntun láàmú níbí. Àkọ́kọ́, ọdún tó wà lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ọmọlangidi yẹn gan-an, ọdún tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà sí i ni. Darth Vader tó jáde nílé-iṣẹ́ ní 1984 ṣì lè gbé 1977 lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ké pé “1977 gidi rèé, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀” ò tíì sọ ohunkóhun. Èkejì, ẹ lè rí ojúlówó tí orúkọ orílẹ̀-èdè ti pa rẹ́ lára rẹ̀, tí ibi tó yẹ kó wà kàn ṣófo tàbí tó ní àpá. Irin tí wọ́n fi ń da ike náà rin ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, wọ́n sì ń ha orúkọ àtijọ́ kúrò. Kò fi hàn pé ayédèrú ni.

Ohun tó yẹ kó mú yín ta gìrì ni kí ẹ rí orúkọ Hasbro. Láti 2019, Hasbro ti ń ṣe ọ̀wọ́ kan tó pè ní Retro Collection, tó fara jọ ti àtijọ́ dé orí páálí, pẹ̀lú àmì Kenner lójú rẹ̀. Ọjà gidi ni, kò sì fi pa mọ́ pé tuntun lòun. Àmọ́ mo ti rí i tí ẹnìkan já a kúrò lára páálí, tó fi iyẹ̀pẹ̀ ra á lára, tó wá gbé e síta pé òun bá a nílé ìyá àgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìbọn, idà àti aṣọ àwọ̀lékè

Ibí lẹ ó ti pẹ́ jù, torí ibí ni owó wà. Ọmọdé tó ń ṣeré nínú pápá ní 1979 ò lè rí ìbọn dúdú tó kéré ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ mọ́ tó bá ti bọ́ sínú koríko. Bó ṣe di pé ọmọlangidi pọ̀ tí ìbọn sì wọ́n nìyẹn. Àwọn kan rí àǹfààní níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbọn tuntun. Àwọn kan ń tà á pẹ̀lú òtítọ́, wọ́n á sọ pé àtúnṣe ni. Ẹni tó bá ra á lọ́wọ́ wọn ló máa wá gbàgbé láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń tà á fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ta ni. Luke gbé idà ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò, Vader gbé pupa, Ben gbé búlúù. Inú apá ni idà yẹn wà, ẹ̀ ń fi ìka tì í jáde láti ojú ihò gígùn kan lábẹ́ apá. Orí idà náà tín-ín-rín gan-an, ó sì sábà máa ń kán, ẹ máa wò ó dáadáa. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú àwọn mẹ́ta yìí, idà náà tún ní èkejì nínú, tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó ń yọ jáde láti inú rẹ̀. Ọmọlangidi tó ní irú idà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ó sì wọ́n gógó, ayédèrú rẹ̀ kún ìgboro. Ẹni tuntun ò gbọdọ̀ dá nìkan rà á.

Leia ní ìbọn àti aṣọ àwọ̀lékè ike. Vader, Ben àti Sand People ní aṣọ ike tiwọn, Sand People sì tún gbé ọ̀pá lọ́wọ́. Stormtrooper, Han, Chewbacca, Jawa àti Death Squad Commander ní ohun ìjà. R2-D2 àti C-3PO ò gbé nǹkan kan, ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹni tuntun fi àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Lára R2-D2, ẹ yí orí rẹ̀: ó yẹ kó máa ró kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ẹ sì wo sítíkà tó yí àyà rẹ̀ ká, tó bá funfun tó sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lóòótọ́ pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ti C-3PO, àwọ̀ wúrà tó bò ó lẹ máa wò. Ó máa ń ṣí níbi oríkèé.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa yẹ ìbọn wò. Ẹ gbé ti Stormtrooper sí àtẹ́lẹwọ́. Ojúlówó ní etí tó mú, ihò tó wà níbi tí ìka ń fà á mọ́ kedere, ìlà tín-ín-rín kan sì wà níbi tí apá méjì irin tí wọ́n fi dà á ti pàdé. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń fi ìbọn ojúlówó tẹ àpẹrẹ, á wá da ike sínú àpẹrẹ yẹn. Ike máa ń sún kì bó bá ti ń tutù, nítorí náà ẹ̀dà máa ń kéré díẹ̀ sí ojúlówó, etí rẹ̀ á ti kújú, ihò rẹ̀ á sì dí díẹ̀. Tí ẹ bá ní ojúlówó kan nílé, ẹ gbé wọn síra, ojú yín á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ jù ú sínú ife omi. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ló ń léfòó, ọ̀pọ̀ ayédèrú ló ń rì. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó dájọ́, nítorí ohun tó fúyẹ́ lè dúró lórí omi lásán láìjẹ́ pé ó ń léfòó. Kì í wá ṣe òfin Mídíà àti Páṣíà o: ojúlówó kan wà tó ń rì, àwọn tó ń da ayédèrú lóde òní náà ti gbọ́ nípa omi, wọ́n sì ti ń wá ike tó fúyẹ́. Ẹ wá jẹ́ kó jábọ́ láti ibi tí kò ga sórí gíláàsì tàbí táìsì. Ike ayédèrú líle máa ń dún ṣán-án, ti ojúlówó máa ń wọlẹ̀. Bí etí ìbọn, omi àti ohùn bá fẹnu kò, ẹ lè gbà á gbọ́. Bí ọ̀kan bá yapa, ẹ san iye ọmọlangidi tí kò ní ìbọn, ẹ ka ìbọn sí ẹ̀bùn.

Jawa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, aṣọ ike ló wọ̀. Ọmọlangidi kékeré, aṣọ ike pẹ́lẹ́bẹ́, owó kan náà pẹ̀lú Vader gìrìwò: ó dà bíi pé wọ́n ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Kenner yára pààrọ̀ rẹ̀ sí aṣọ gidi tí wọ́n rán. Aláṣọ gidi wà níbi gbogbo, aláṣọ ike ló di góòlù. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gé aṣọ ike Ben Kenobi kúkúrú, kí wọ́n fi wọ Jawa. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé Jawa aláṣọ ike wá bá yín, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú kò tíì fojú rí i, ẹ fi owó yín sápò.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ṣàjèjì ni ayédèrú. Snaggletooth, ẹ̀dá kan inú fíìmù náà tó yẹ kó jẹ́ ràrá, aláṣọ pupa, ni Kenner kọ́kọ́ ṣe ní gíga, pẹ̀lú aṣọ búlúù àti bàtà gígùn, torí àwòrán tó wà lọ́wọ́ wọn kò fi ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ hàn. Ilé ìtajà Sears nìkan ló tà á, nínú ọ̀wọ́ kan tó ní páálí ilé ọtí nínú. Nígbà tí wọ́n mọ bó ṣe rí, wọ́n gé e kúrú. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí lè ju ti búlúù sígbó pé kò bá àwòrán mu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ara ọmọlangidi fúnra rẹ̀

Ẹ gbé e dúró. Tí ó bá ń ṣubú, ìsopọ̀ ìbàdí rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ wo ṣónṣó imú, irun iwájú orí àti ìka ọwọ́, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wá ojú eyín lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ wo Stormtrooper lójú oòrùn: tí apá kan bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí àyà sì funfun, ìtànṣán oòrùn ló bà á jẹ́. Àwọn kan máa ń fi kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀ sọ ọ́ di funfun padà. Ó máa ń funfun lóòótọ́, àmọ́ ike náà lè di ẹlẹgẹ́, àwọ̀ yẹn sì lè padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ti ṣe irú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iye tó yẹ kí ẹ san

Iye tí èèyàn kọ sára ọjà rẹ̀ kì í ṣe iye ọjà. Lórí eBay, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ọjà tó ti tà hàn, kí ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn san fún irú rẹ̀ gan-an láìpẹ́: ìbọn kan náà, ipò kan náà. Ẹ yọ tó wọ́n jù àti tó pọ̀ọ́kú jù kúrò, ẹ wo àárín.

Ìròyìn ń ba òwò yìí jẹ́. Ní 2024, ilé gbàǹjo Heritage Auctions ta ọmọlangidi Boba Fett, ọdẹ èèyàn inú fíìmù Star Wars, kan ní $525,000, lọ́sẹ̀ náà gbogbo ẹni tó ní Boba Fett nílé rò pé òun ti là. Àpẹrẹ tí Kenner fi dán iṣẹ́ wò ní 1979 nìyẹn, tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kenner ti polówó rẹ̀ pé ẹni tó bá fi ẹ̀rí ìrajà ránṣẹ́ máa gbà á. Ọmọ kan wá kú nípasẹ̀ ike kékeré tó yìn jáde lára ohun ìṣeré ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rù ba Kenner, wọ́n sì lẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà pa kí wọ́n tó fi Boba Fett ránṣẹ́ sí ọmọ kankan. Kò sí èyí tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dé ọwọ́ ọmọdé láti ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fi ti òun ṣeré ní kékeré, rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń fò, ẹ kí i pé ó kú ìrántí.

Ìgbésẹ̀ keje: èyí tó ṣì wà lórí páálí

Ẹ má tíì dé ibí lọ́dún àkọ́kọ́. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ yí páálí padà, ẹ ka iye ọmọlangidi tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn. Méjìlá ni ti àwọn tó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ 20, lẹ́yìn rẹ̀ 21. Ti fíìmù kẹta dé 65 àti 77, àwọn tó gbẹ̀yìn tó ní owó ẹyọ nínú dé 92. Luke kan náà lórí páálí oníméjìlá wọ́n ju Luke lórí páálí tó tẹ̀lé e lọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo etí ike tó mọ́ gaara tó bo ọmọlangidi náà. Ojúlówó lẹ̀ mọ́ páálí ní fífẹ̀ kan náà yíká. Èyí tí wọ́n ṣí tí wọ́n tún lẹ̀ padà máa ń ní àtè tó dán níbi kan tí kò dán níbòmíràn, tàbí kí páálí ti ya fúláfúlá lábẹ́ etí ike náà. Ẹ wo títẹ̀ àwòrán náà pẹ̀lú. Páálí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ṣe kì í mú bíi ti ilé ìtẹ̀wé ńlá.

Nítorí irú jìbìtì yìí ni ilé-iṣẹ́ bíi AFA ní Amẹ́ríkà àti UKG ní Ìlú Ọba fi wà. Ẹ̀ ń fi ọjà ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á dì í sínú àpótí tó mọ́ gaara. Ó dára fún ohun tó wọ́n. Fún Stormtrooper àlòkù, owó tí wọ́n máa gbà lè ju iye ọmọlangidi lọ, ìyẹn ò mọ́gbọ́n dání.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi tí ẹ ti máa rí wọn

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, ẹ dúpẹ́. Palitoy, tí òun náà wà lábẹ́ General Mills, ló ń ta wọ́n níbẹ̀, láti Coalville ní Leicestershire, wọ́n sì ṣì ń jáde látinú àjà ilé. Ẹ dé ọjà ẹ̀yìn ọkọ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ẹ sì béèrè lẹ́nu: “Ẹ dákun, ẹ ní ohun ìṣeré àtijọ́ nílé?” Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó dára jù kì í sí lórí tábìlì. Tí ẹ bá rí Death Star, ibùdó ogun inú fíìmù náà, ti Palitoy, páálí ni wọ́n fi ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ike ni ti Kenner. Èyí tó pé pérépéré ṣòroó rí.

Brazil ní ti Glasslite. Vlix, ọmọlangidi kan látinú eré aláwòrán tí wọ́n fi Star Wars ṣe, Glasslite nìkan ló gbé e jáde fún títà. Ní Tọ́kì, wọ́n ṣe àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ rárá lábẹ́ orúkọ Uzay. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ayédèrú yẹn wọ́n báyìí ju ọ̀pọ̀ ojúlówó lọ, débi tí àwọn kan fi ń ṣe ayédèrú ayédèrú.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lókè òkun, kí ó yà á ní àwòrán láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀, kí ó ju ìbọn rẹ̀ sómi kí àsìkò dídá ọjà padà tó kọjá. Ẹ ṣàlàyé fún un dáadáa, nítorí ó máa bi yín léèrè bóyá orí yín pé. Kó má sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù láàárín bàtà àti agolo mílíìkì. Kó fi ohun ọwọ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré lọ́tọ̀, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí. Bí ẹ bá ń fi PayPal sanwó, ẹ má lo ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ohunkóhun tí olówó ọjà ì báà sọ. Tí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn tí wọ́n sì gbá yín, PayPal ò ní dá owó padà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìfọ̀ àti ìtọ́jú

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Ó ti tó. Ẹ má ri R2-D2 sómi nítorí sítíkà rẹ̀, ẹ má sì fi nǹkan ra C-3PO, àwọ̀ wúrà rẹ̀ á bá ọwọ́ yín lọ. Ọtí ìpara àti ìyọ̀dà èékánná ò gbọdọ̀ dé ìtòsí. Funfun tó bo apá tàbí ẹsẹ̀ bí ẹfun kì í ṣe ìdọ̀tí lásán nígbà mìíràn, inú ike náà ló ti ń jáde, bí ẹ bá nù ún ó tún lè padà.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni oòrùn, nítorí náà kì í ṣe ojú fèrèsé ni wọ́n ń tò wọ́n sí. Ní ilẹ̀ wa, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá kejì: páálí máa ń ká kò nígbà òjò, ikán àti aáyán sì fẹ́ràn páálí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fi wọ́n sínú àpótí ike tó dé pa, tí kò kan ilẹ̀, kí ẹ sọ àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi, sínú rẹ̀. Ẹ kọ àkọsílẹ̀: ohun tí ẹ rà, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ìbọn wo ló jẹ́ ojúlówó àti èwo ló jẹ́ àtúnṣe. Ẹ fi han ẹnìkan nínú ẹbí. Àìmọye ló ti bá “ìdọ̀tí bàbá” lọ sórí ààtàn.

Nípa àwọn tuntun

Ẹ rà wọ́n tí ọkàn yín bá fẹ́ wọn, ẹ má rà wọ́n fún èrè. Ọ̀rọ̀ 1995 ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ní 2023, Funko, àwọn tó ń ṣe ọmọlangidi olórí ńlá tí wọ́n ní ìwé àṣẹ fíìmù gbogbo, jẹ́wọ́ fún àwọn onípìn-ín pé àwọn máa da ọjà tó tó mílíọ̀nù dọ́là 30 sí 36 nù, nítorí iye tí ibi ìkẹ́rùsí ń gbà ti ju iye ọjà lọ. Ohun tí ẹni tó ṣe é ń dà sórí ààtàn ò lè ṣọ̀wọ́n lọ́la.

Àyàfi ọ̀kan tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín máa fẹ́: Finn, tí John Boyega, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Peckham, ṣe nínú fíìmù Star Wars ti 2015. Hasbro gbé e jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ní ínṣì 3.75 àti ní ínṣì 6 lábẹ́ orúkọ Black Series. Ó pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n. Ti ínṣì 6 ni kí ẹ mú, ojú rẹ̀ jọ ọ́ ju ti kékeré lọ. Ẹ ṣí páálí rẹ̀ fún ọmọ yín.